Orúkọ Tó Wà Lórí Káàdì àti Orúkọ Tí Kò Sí Níbẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tí a bá mọ orúkọ rẹ̀, a lè pè é padà bí ó bá fẹ́ ṣìnà, a lè ki oríkì rẹ̀ kí orí rẹ̀ wú, a sì lè wádìí rẹ̀ dé ilé baba rẹ̀ bí ohunkóhun bá ṣe é. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, lágbájá ni a ó máa pè é títí. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ Alphonso Lisk-Carew, onífọ́tò ará Freetown, ní ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, tí ayé ń pè ní Sierra Leone. Wọ́n bí i ní 1883, ó sì kú ní 1969. Ó wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ káàdì alàwòrán sọ di gbajúmọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ọmọ Áfíríkà bá fọwọ́ ara rẹ̀ di kámẹ́rà mú, àwòrán tí yóò yà yóò yàtọ̀ pátápátá sí ti òyìnbó amúnisìn. Wọ́n ní ojú ẹni ni a fi ń rí ará ilé ẹni dáadáa. Bí a bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ Lisk-Carew, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ni pé: ta ni ó san owó àwòrán yìí, kí sì ni a kọ sí abẹ́ rẹ̀? Nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí, ẹni tó sanwó fún fọ́tò ara rẹ̀ jẹ́ ẹni tí a mọ̀. Ẹni tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ láti tà á fún àlejò di aláìlórúkọ. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn nìyẹn.

Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé òde òní kọ́kọ́ mọ ohun tí káàdì alàwòrán jẹ́. Páálí pẹlẹbẹ kan ni, tí àwòrán wà lójú rẹ̀, tí a sì ń fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ láìfi í sínú àpòòwé. Tẹ́lẹ̀, àdírẹ́sì nìkan ni òfin gbà kí a kọ sí ẹ̀yìn káàdì, nítorí náà ojú àwòrán gan-an ni àwọn ènìyàn ń há ìkíni wọn mọ́. Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà kí a pín ẹ̀yìn káàdì sí méjì, kí ìkíni wà lápá kan, kí àdírẹ́sì wà lápá kejì. Láti ìgbà náà ni àwòrán ti lè gba ojú káàdì tán. Títí di ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ayé ń ra káàdì bí ẹni ra iyọ̀. Àwọn kan ń kó o jọ sínú álíbọ́ọ̀mù, wọ́n sì ń fi han àlejò ní pálọ̀ wọn. Bí fóònù ṣe ń gbé àwòrán wa kiri lónìí ni káàdì ṣe ń gbé e kiri nígbà náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọkọ̀ òkun ló ń gbé e.

Ọkọ̀ òkun sì ni Freetown fi ń jẹun. Èbúté rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì gbòòrò, ọkọ̀ tó bá ń ti Liverpool bọ̀ wá sí Èkó tàbí Accra a máa dúró níbẹ̀. Atukọ̀, oníṣòwò, ọmọ ogun, òṣìṣẹ́ ìjọba àti míṣọ́nnárì ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ tàbí fún ọjọ́ díẹ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sílé pé àwọn ti rí Áfíríkà. Ẹni tó bá ní káàdì láti tà fún wọn ti rí oúnjẹ òòjọ́.

Inú ìlú yìí ni wọ́n bí Lisk-Carew sí, nínú àwọn ènìyàn tí à ń pè ní Krio. Àwa Yorùbá kò lè sọ pé a kò mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn a máa gba àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sílẹ̀ lójú òkun, wọn a sì kó wọn lọ sí Freetown. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Nítorí pé "ẹ kú" kì í wọ́n nínú ìkíni wa, Aku ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àjàyí Crowther dé Freetown báyìí ní 1822. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti Amẹ́ríkà àti Jàmáíkà wá, ni wọ́n para pọ̀ di Krio. Àwọn tó padà wá sí Èkó, Badagry àti Abẹ́òkúta nínú wọn ni a ń pè ní Sàró títí di òní.

Iṣẹ́ fọ́tò kì í ṣe àjèjì ní Freetown kí Lisk-Carew tó dàgbà. Augustus Washington, aláwọ̀ dúdú tó ti Amẹ́ríkà wá sí Liberia, ti yàwòrán káàkiri etíkun yìí láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Francis Joaque, ọmọ Sàró, gbé iṣẹ́ tirẹ̀ dé Fernando Po àti Libreville. Nítorí náà, nígbà tí Lisk-Carew ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní 1905, tí kò ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ, ojú ọ̀nà tí àwọn mìíràn ti là ni ó ń tọ̀. Àbúrò rẹ̀, Arthur, bá a dá iṣẹ́ náà pọ̀, "Lisk-Carew Brothers" sì di orúkọ tí wọ́n ń tẹ̀ sára káàdì wọn. Wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń ta káàdì, wọ́n sì ń ta ohun èlò fọ́tò fún ẹni tó bá ní kámẹ́rà tirẹ̀. Nígbà tí Duke of Connaught, ọmọ Ọbabìnrin Victoria, ya Freetown ní 1910, Lisk-Carew yàwòrán ìbẹ̀wò náà, kò sì jẹ́ kí ó lọ lásán. Ó kéde fún gbogbo ayé pé ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ oníbàárà òun. Ọlọ́jà tó mọ ọjà rẹ̀ polówó ni.

A lè pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni fọ́tò àwọn ará ìlú rẹ̀ tí wọ́n wá sí ilé fọ́tò fúnra wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò a wọ aṣọ tó wù ú, ìbáà jẹ́ kóòtù àti tai tàbí gáùn gígùn. A jókòó tàbí kó dúró bó ṣe fẹ́ kí ayé rí òun. Òun ló sanwó, òun ló sọ iye ẹ̀dà tó ń fẹ́, ilé rẹ̀ ni fọ́tò náà sì lọ. Bí onífọ́tò kò tilẹ̀ kọ orúkọ sí abẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò nàka sí i lára ògiri pé, "Ìyá mi nìyí." Àwọn Sàró Èkó náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé fọ́tò Èkó, ó sì yé wa dáadáa. Iyì wà nínú iṣẹ́ yìí, nítorí ẹni tí a yà ló ni àwòrán.

Èkejì ni àwòrán ìlú: àdúgbò, ọjà, èbúté, ilé pákó alájà tí àwọn Krio ń kọ́, àti igi àràbà ńlá tó dúró láàárín Freetown, èyí tí wọ́n ń pè ní Cotton Tree. Ìtàn ìlú náà sọ pé abẹ́ igi yìí ni àwọn aláwọ̀ dúdú tó gba òmìnira kóra jọ sí láti gbàdúrà nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ní 1792. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjì wó igi náà. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní Freetown lónìí kò ní rí i mọ́ àfi nínú àwòrán, káàdì àtijọ́ sì wà nínú ohun tí wọn yóò fi hàn án. Ibi tí wọ́n tà á fún kọ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ máa ń parí sí. Ohun tí àlejò rà láti fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ ní Liverpool lè padà di ogún fún ọmọ onílé. Ní apá yìí, mo kí Lisk-Carew, mo sì yìn ín.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Ní 1896, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn Freetown náà ti wà lábẹ́ ààbò àwọn. Ní 1898, nígbà tí wọ́n bu owó orí lé ilé àwọn ará ibẹ̀, Bai Bureh àti àwọn mìíràn gbé ogun dìde sí wọn. Wọ́n ṣẹ́ ogun náà. Ojú irin rélùwéè dé Bo ní 1903. Bí ojú irin ṣe ń wọ inú ìlú oko lọ ni ọ̀nà ń là fún kámẹ́rà náà. Lisk-Carew lọ, ó sì kó àwòrán àwọn Mende, Temne àti Sherbro bọ̀. Nínú gbogbo káàdì tó ti ibẹ̀ wá, èyí tó lókìkí jù ni ti àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ Bundu.

Bundu, tí ọ̀pọ̀ tún ń pè ní Sande, jẹ́ ẹgbẹ́ awo àwọn obìnrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọmọbìnrin di àgbà obìnrin. Wọn a kó wọn sí ìpamọ́, wọn a kọ́ wọn ní iṣẹ́, ìwà, orin àti ijó, wọn a fi ẹfun kun ara wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde, wọn a wọ ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ iyebíye, gbogbo ìlú a sì jáde wá wò wọ́n. Ẹgbẹ́ yìí ní eégún tirẹ̀, sowei: ère orí dúdú tó ń dán, irun dídì wà lórí rẹ̀, ìṣẹ́po sì yí ọrùn rẹ̀ ká, ìko dúdú ló bo ara. Obìnrin ló ń gbé e. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa ń bu ọlá fún àwọn ìyá, síbẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé e. Ní ti sowei, obìnrin fúnra rẹ̀ ló wọ inú agọ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n gidigidi ni ní gbogbo Áfíríkà.

Kí ni káàdì wá sọ nípa gbogbo èyí? Àwọn ọmọbìnrin tò lẹ́sẹẹsẹ, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn àti ní ìdí wọn, aṣọ kò bo òkè ara wọn, wọ́n kọjú sí kámẹ́rà. Lábẹ́ wọn, wọ́n kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ọmọbìnrin Bundu ni wọ́n. Ó tán. Ta ni wọ́n? Ọmọ ta ni? Ìlú wo? Káàdì kò sọ. Ọ̀kan tí ì bá jẹ́ olórin, ọ̀kan tí ì bá jẹ́ ọmọ olóyè, gbogbo wọn di ẹ̀yà kan ṣoṣo, bí ẹni kọ orúkọ ẹyẹ sí abẹ́ àwòrán ẹyẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ yìí wé ti Edmond Fortier, ará Faransé tó gbé ní Dakar títí ó fi kú ní 1928, tó sì tẹ káàdì tó lé ní 3,000. Òun náà a máa kọ orúkọ ẹ̀yà sí abẹ́ àwòrán ọmọbìnrin. Bí a bá bo orúkọ onífọ́tò mọ́lẹ̀ lára káàdì àwọn méjèèjì, a kò lè fi àkọlé nìkan mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ Áfíríkà. Ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Òyìnbó tó ń gbé ní Hill Station, àdúgbò tí wọ́n kọ́ sórí òkè Freetown ní 1904 fún aláwọ̀ funfun nìkan, lè sọ̀ kalẹ̀ wá ra káàdì lọ́wọ́ Lisk-Carew. Lisk-Carew kò lè kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ojú tí oníbàárà yìí fi ń wo ará oko ni káàdì náà tẹ́ lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó fi èyí hàn kedere. Lórí káàdì eégún Bundu, "devil" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá mọ Freetown yóò sọ pé kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, nítorí pé ní èdè Krio, eégún èyíkéyìí ni "debul". Àní Egúngún tí àwọn baba wa gbé dé ibẹ̀, tí ẹgbẹ́ Ọ̀jẹ̀ ṣì ń gbé jáde ní Freetown, "debul" náà ni wọ́n ń pè é. Òótọ́ ni. Etí méjì ló sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ará Freetown gbọ́ eégún, ẹni tó ra káàdì ní Liverpool gbọ́ Sàtánì. Àwa tí wọ́n fi Èṣù wa túmọ̀ Sàtánì nínú Bíbélì mọ bí irú ìtúmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ba nǹkan jẹ́. Ọmọ Krio gbọ́ èdè méjèèjì. Bí ó bá kọ sowei, kò ní ná an ju yíǹkì lọ.

Ó yẹ kí a gbọ́ ti agbẹjọ́rò rẹ̀ náà. Wọn yóò ní ọlọ́jà ni, ohun tí oníbàárà ń béèrè ni ó tà. Wọn yóò ní gbogbo ayé ìgbà náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn yóò tún sọ ohun kan tó wúwo ju méjèèjì lọ: pé ìgbéraga wà lójú àwọn ọmọbìnrin mìíràn lórí káàdì wọ̀nyí, pé wọ́n nà ró, wọn kò sì wolẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú Bundu fẹ́ kí a wo òun. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tirẹ̀ ni ó ṣe ara lóge fún, níbi tí gbogbo ẹni tó ń wò ó ti mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Nígbà tí àwòrán náà wọ inú àpò lẹ́tà tó sì kọjá òkun, ìgbéraga náà kò bá a lọ. Ara nìkan ló lọ.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí jù ni pé kì í ṣe pé Lisk-Carew kò mọ iyì orúkọ. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Ó tẹ orúkọ tirẹ̀ sára káàdì, ó sì so ó mọ́ orúkọ ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àìmọye fọ́tò àtijọ́ láti Áfíríkà ló wà ní ilé ọnà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ sí i pé a kò mọ ẹni tó yà á. Ti Lisk-Carew kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ó fi orúkọ sílẹ̀, Vera Viditz-Ward lè tọpa rẹ̀, kí ó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1985. Nítorí rẹ̀ náà ni èmi ṣe lè kọ àròkọ yìí. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gan-an jẹ́ ọmọ àwọn tí a ti fún ní orúkọ ẹlòmíràn rí. Orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ni wọ́n fi sọ Àjàyí nígbà tí wọ́n rì í bọmi, òun kò sì jẹ́ kí Àjàyí nù. Ìlú tó mọ bí ó ti rí kí a gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni ni ó bí onífọ́tò yìí. Nítorí náà ni mo ṣe ń retí ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ṣé kí a wá da káàdì náà nù ni? Rárá o. Bí a bá dà á nù, àwọn ọmọbìnrin náà yóò sọnù lẹ́ẹ̀kejì. Kí a pa á mọ́, kí a sì kà á dáadáa. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìtàn, kí ó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ẹni tó yà á, ẹni tó sanwó, ẹni tó kọ àkọlé, àti ẹni tí kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Kí ó sì fi ohun tí àwọn onílé ń pè é rọ́pò àkọlé: sowei ni kí a máa pè é, kí a yé pè é ní èṣù. A kò lè dá orúkọ àwọn ọmọbìnrin náà padà mọ́, ṣùgbọ́n a lè dá orúkọ ohun tí wọ́n ń ṣe padà.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Kámẹ́rà ti wà lọ́wọ́ gbogbo wa báyìí. À ń ya ọmọ tó ń kiri ọjà, à ń ya wèrè lójú títì, à ń ya ìyá arúgbó tó ń jó ní òde ìnáwó, a ó sì gbé e sórí Facebook kí ayé lè rẹ́rìn-ín. A kì í bi wọ́n léèrè. A kì í kọ orúkọ wọn. Orúkọ tiwa nìkan ló máa ń wà lókè, gẹ́gẹ́ bí ti Lisk-Carew. Ẹ̀yin òbí, ẹ kó fọ́tò àtijọ́ tó wà nínú àpótí yín jáde nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ kọ ìlú àti ọdún, kí ẹ sì bá wa kọ orúkọ onífọ́tò náà bí ẹ bá rántí rẹ̀.